Bí ìhìnrere ṣe wọ Ìbàdàn: ẹ̀kọ́ Kúdẹtì fún ẹni tó fẹ́ lọ wàásù nílẹ̀ òkèèrè

Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè Màpó, tí ó wo ìsàlẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí. Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrunka ló yí òkè náà ká, agbo ilé fara kan agbo ilé. Mọ́sáláṣí gbogbogbò ìlú wà ní Ọjà'ba, ojúbọ àwọn baba ńlá ṣì wà nínú agbo ilé kan, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Kúdẹtì wà, níbi tí ìjọ Áńgílíkà St. David fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni tọkọtaya òyìnbó kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní Ìbàdàn ní èyí tó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn.

Láyé òde òní, ìrìn náà ti yí padà. Ọmọ Yorùbá ló kù tó ń gbé Bíbélì lọ sí ìlú onílùú. Àwọn ìjọ ń dáwó jọ, wọ́n ń rán ènìyàn lọ sí Tógò, sí Nìjẹ́, sí Gánà, àní sí ilẹ̀ òyìnbó tí ìhìnrere ti wá. Àwọn kan ń lo ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mìíràn ń lo ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí owó ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà kò lè dáhùn: kí ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ àlejò wọ etí onílé? Ìtàn Kúdẹtì ní ìdáhùn sí i, ìdáhùn náà kò sì dùn mọ́ àlejò létí ní gbogbo ọ̀nà.

Àwọn ìjòyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ àlejò

David Hinderer ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Schorndorf ní ilẹ̀ Jámánì ni, ọdún 1819 ni wọ́n bí i. Ẹgbẹ́ CMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rán an wá sí Áfíríkà. Kì í ṣe Ìbàdàn ló wà lọ́kàn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n fẹ́ kí ó dé, èdè Haúsá ni ó sì ti kọ́kọ́ ń kọ́. Nígbà tí ó wọ Ìbàdàn ní ọdún 1851, tí ó lo oṣù díẹ̀ níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ yí padà. Ó rí ìlú tí èrò kún bámúbámú. Thomas Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi tó rin ilẹ̀ Yorùbá já ní àkókò náà, fojú bù ú pé àwọn ará Ìbàdàn tó 70,000.

Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó síbẹ̀. Wọn kò ní ọba tó jẹ oyè láti ìdílé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lágbára lójú ogun, tí ó sì ní ọmọ ogun lẹ́yìn, ni oyè rẹ̀ ń gòkè. Nítorí náà, àlejò kò lè wọlé kí ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Àwọn ìjòyè jókòó, wọ́n sì jíròrò lórí rẹ̀.

Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, ló kọ ìtàn ìpàdé náà sílẹ̀. Ìjòyè kan dìde, ó ní òun kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ìlú tí òyìnbó bá wọ̀ kì í ṣàìbàjẹ́. Àwọn mìíràn dáhùn pé òyìnbó ti wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta, kí ló dé tí Ìbàdàn kò fi ní gbà á? Níkẹyìn, wọ́n ní kí a bi Ifá léèrè. Ifá fọre, wọ́n sì gba àlejò náà láàyè.

Ó yẹ kí ẹni tó ń lọ wàásù nílẹ̀ òkèèrè ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìgbìmọ̀ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá Ifá, ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìhìnrere ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún ní ẹ̀tọ́ láti bi oníṣẹ́ léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Hinderer dúró kí wọ́n bi í, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ilé tó kún fún ọmọ ọlọ́mọ

Hinderer padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé Anna Martin níyàwó ní oṣù kẹwàá ọdún 1852. Ọmọ Norfolk ni Anna, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853. Ibà kì wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta àti lẹ́yìn tí wọ́n débẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Ilé amọ̀ kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí Kúdẹtì, ní ọdún 1854 sì ni ṣọ́ọ̀ṣì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Hinderer wàásù ní gbangba, ó dúró lábẹ́ igi, ó dúró nínú ọjà. Àwọn ènìyàn péjọ, wọ́n gbọ́, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì padà sídìí ọjà wọn. Bí a bá ní kí a ka iye àwọn tó gbàgbọ́ lójú ọjà, iṣẹ́ náà ì bá ti di òfo. Inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Tọkọtaya náà kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé wọn kún fún ọmọ. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ mú ọmọ rẹ̀ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ìkọ́ni. Yéjídé ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Kì í ṣe ohun kékeré kí ológun fi ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ àlejò, nítorí pé ìbẹ̀rù tó gbòde nígbà náà ni pé ọmọ tó bá mọ ìwé yóò di ojo, kò ní lè jagun mọ́. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Anna kọ́ wọn ní A, B, D, ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń fún wọn ní oúnjẹ, ó sì ń tọ́jú wọn nígbà àìsàn. Lẹ́nu àwọn ọmọ yìí náà ni òun ti kọ́ èdè Yorùbá. Èdè náà le fún un ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìwé ni ó sì di olùkọ́ rẹ̀.

Ohun èlò kan wà lọ́wọ́ wọn tí àwọn tó ṣáájú wọn kò ní. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú tí ó sì di àlùfáà ní ọdún 1843, ti ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ìwé Róòmù ti jáde ní ọdún 1850, Lúùkù àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Odindi Bíbélì kò pé títí di ọdún 1884, ṣùgbọ́n ìwé díẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti tó kí ọmọ Ìbàdàn fi ojú ara rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà ní èdè ìyá rẹ̀. Hinderer pẹ̀lú kò sinmi. Òun ló túmọ̀ ìwé John Bunyan tí àwọn ìjọ mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́.

Nígbà tí ogun dí ọ̀nà

Ọdún 1860 ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè. Balógun Ìbíkúnlé ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Ẹ̀gbá wà lẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Báyìí ni ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà sì dí. Ìbàdàn kò sì ní ọ̀nà mìíràn sí Èkó tó rọrùn.

Kí òǹkàwé lè mọ bí èyí ti le tó, ó yẹ kí a rántí irú owó tí wọ́n ń ná. Owó ẹyọ ni. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ jẹ́ 20,000, ẹrù ńlá ni lórí alárù kan. Owó tí àwọn míṣọ́nnárì ń ná, láti etí òkun ni alárù ti ń rù ú wá. Bí alárù kò bá rí ọ̀nà gbà, owó kò dé, oògùn kò dé, lẹ́tà pàápàá kò dé. Ilé Kúdẹtì sì kún fún ọmọ tí yóò jẹun.

Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó wà nínú ilé. Ó ta aṣọ, ó ta ohun èlò. Nígbà mìíràn, ẹ̀wà díẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń jẹ, kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ. Àwọn ará ìlú kan yá wọn lówó. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Edward Roper níbẹ̀, wọ́n kó o wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ẹrú ogun, ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ni ó sì wá gbé. Ṣùgbọ́n fífọ́ Ìjàyè kò ṣí ọ̀nà. Ìjà Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ń bá a lọ fún ọdún mẹ́ta sí i.

Ní ọdún 1865, John Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell àti àwọn ènìyàn díẹ̀ láti la ọ̀nà inú igbó wá sí Ìbàdàn. Anna ti rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n gbé e jáde, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tí ì bá dá wọn lẹ́bi bí wọn kò bá padà wá mọ́. Wọ́n padà wá. Ìgbà tí ó di ọdún 1869, tí ara Anna kò gbà á mọ́ rárá, ni wọ́n tó fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1870, Anna kú ní Norfolk, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

Ìwàásù wo ni àwọn ará Ìbàdàn gbọ́ jù lọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Kì í ṣe èyí tí a ṣe lábẹ́ igi. Wọ́n rí àlejò tí ebi ìlú pa, tí ó yáwó bí onílé ṣe ń yáwó, tí kò sá fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ nínú ìyà ìlú kì í ṣe àlejò mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti kọsẹ̀

Ìtàn yìí ní apá kejì, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà ogun Ìjàyè, míṣọ́nnárì kọ̀ọ̀kan gbè sẹ́yìn ìlú tí ó ń gbé. Henry Townsend ní Abẹ́òkúta gba ti Ẹ̀gbá rò, ìwé ìròyìn rẹ̀, Ìwé Ìròhìn, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1859, sì fi ìhà náà hàn. Hinderer ní Ìbàdàn gba ti Ìbàdàn rò. Adolphus Mann wà ní Ìjàyè ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ló rán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìhìnrere kan náà ni wọ́n ń wàásù, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn kò sọ ohun kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú tí a rán an sí lè má rí ẹ̀bi ìlú náà mọ́.

Bákan náà, àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ jìyà, inú ìdílé wọn gan-an ni ìyà náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún ọkọ láti kékeré, tí ó wá ní òun kò lọ mọ́, dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìdílé méjì. Ọmọ tó kọ̀ láti bá wọn bọ òrìṣà ilé, ẹbí kà á sí ẹni tó já okùn ìdílé. Míṣọ́nnárì lè kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ onílẹ̀ tó gbàgbọ́ kò ní ibòmíràn láti lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń wàásù fún ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀ ẹlòmíràn bi ara rẹ̀ léèrè ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá gbà á gbọ́, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá ti gbé òun lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjòyè tó kọ òyìnbó ní ọdún 1851 ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní ọdún 1893, ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn ìpàdé náà, àwọn ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni àṣẹ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó tó dúró gbagidi lórí òkè, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, ìjọba amúnisìn ló kọ́ ọ. Hinderer kọ́ ló mú ìjọba wá, ó ti kú ní ọdún 1890. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oníwàásù gbà wọlé, oníṣòwò àti aṣojú ìjọba gba ibẹ̀ náà. Ojú àlejò a máa tóbi, ṣùgbọ́n kì í fi rí ohun tó ń tẹ̀ lé e bọ̀.

Àwọn tó ru ẹrù náà

Bí ènìyàn bá ka ìtàn yìí tán, ó lè rò pé òyìnbó méjì ló gbin ìgbàgbọ́ sí Ìbàdàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta, bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Henry Johnson wá láti Sàró ní ọdún 1858, ó kó ìdílé rẹ̀ dání. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, àwọn ni wọ́n mọ bí a ṣe ń kí ìjòyè, àwọn ni wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dákẹ́.

Nígbà tí Hinderer lọ ní ọdún 1869, Olúbí ló gba iṣẹ́ náà. Ọdún méjì ṣáájú, àwọn Ẹ̀gbá ti lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Ìjọ Ìbàdàn kò ní òyìnbó tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé, síbẹ̀ kò túká. Wọ́n fi Olúbí joyè àlùfáà ní ọdún 1871, ó sì wà nídìí iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1912 ni ó tó dolóògbé. Lákòókò rẹ̀, ìjọ Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa ló gbé ìgbàgbọ́ náà ró nínú ìlú.

Samuel, ọmọ Henry Johnson, tó jẹ́ ọmọ kékeré nígbà tí wọ́n wọ Ìbàdàn, ni ó di àlùfáà àti òpìtàn tí a dárúkọ rẹ̀ níṣàájú. Ní ọdún 1886, ó wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ kí ogun Kírìjì lè parí. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Josiah Akínyẹlé àti Abigail ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn Kristẹni ìṣáájú Ìbàdàn. Alexander, ọmọ wọn, dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Isaac, ọmọ wọn kejì, kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, ó sì jẹ Olúbàdàn láti ọdún 1955 títí di ọdún 1964.

Àwọn tó ń di ẹrù láti lọ wàásù lókè òkun lónìí lè ti ibẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà kò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń jọ́sìn níbẹ̀. Nígbà tí òfin Gánà lé àwọn àjèjì jáde ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò kú, nítorí pé àwọn ọmọ Gánà ti wà nínú rẹ̀. Bí ó ti rí ní Kúdẹtì náà nìyẹn. Ọjọ́ tí àlejò bá lọ ni a ó mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ní gbòǹgbò tàbí kò ní.

Ẹni tó bá dé Kúdẹtì lónìí yóò rí i pé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ Yéjídé. Orúkọ ọmọ olóyè tí baba rẹ̀ fi sọ́wọ́ àlejò ní ọdún 1853 ni wọ́n fi sọ ọ́. Baba rẹ̀ kò gbàgbọ́ nígbà náà. Ohun tó mọ̀ ni pé ó ti wo àlejò náà dáadáa, ó sì rí i pé a lè fi ọmọ ẹni sọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wàásù nílẹ̀ onílẹ̀, ó dára kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwọn ará ibẹ̀ lè fi ọmọ wọn ti òun.